Ẹ Kú Sprint o, Ẹ̀yin Ọmọ Bàrígà!

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ kóòdù láti Jagunmólú dé Ladi-Lak, ẹ kú sprint o! Ìyá ní kí ọmọ bá òun ra epo jẹnẹrétọ̀, ọmọ ní kí ìyá kọ́kọ́ kọ ọ́ sórí pátákó ná, ó di ìgbà tí sprint ọlọ́sẹ̀ méjì bá parí kí òun tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àbí irú ọmọ wo nìyí?

Ẹ tún ní ìpàdé àràárọ̀ tí ẹ ń pè ní stand-up. Ìṣẹ́jú 15 péré ni àwọn tó ni ọ̀nà iṣẹ́ Scrum fàyè gbà; orí ìdúró sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣe é, kí ẹsẹ̀ lè máa rán ẹnu létí. Tiyín yàtọ̀: orí bẹ́ẹ̀dì lẹ ti ń dìde dúró. Ẹnìkan pa fídíò, ó ń jẹ àkàrà. Èkejì ní iṣẹ́ àná lòun ṣì ń bá yí. Láti ọdún iléyá ló ti ń bá iṣẹ́ àná yí!

Àwọn ènìyàn 17 tó pàdé ní Snowbird, ní Utah, Amẹ́ríkà, lóṣù Kejì 2001, tí wọ́n kọ ìwé Agile lórí bó ṣe yẹ ká máa kọ kóòdù, ọ̀rọ̀ wọn ò gùn rárá. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fi han oníbàárà, kí ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. Wọn ò ní kí ẹ lẹ bébà aláràbarà mọ́ ògiri títí onílé á fi rò pé ẹ ń ṣoògùn.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí wọ́n ń sọ, ẹ bọ́ sí Ṣómólú lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé kí ẹ wòran. Ọmọge jókòó ti ẹni tó ń fi CorelDRAW ya káàdì ìgbéyàwó ẹ̀. "Bùrọ̀dá, ẹ sún orí ọkọ mi sókè. Ẹ fi góòlù sí i. Rárá, ẹ yọ góòlù. Ẹ fi Àlàájì ṣíwájú orúkọ bàbá mi." Wọ́n tẹ ẹyọ kan jáde, àṣé wọ́n ti gbàgbé ìyá ọkọ! Ìjà ìdílé parí kí pléètì ìtẹ̀wé tó wọ ẹ̀rọ, torí bí ẹgbẹ̀rún káàdì bá jáde tán, owó ńlá ni àtúnṣe.

Kóòdù tiyín kì í jẹ pléètì, kì í mu íǹkì, síbẹ̀ odidi oṣù mẹ́jọ lẹ fi bò ó mọ́lẹ̀ bí egúngún tí ò tíì wọ ẹ̀kú. Ọjọ́ tí ẹ ṣí i han màmá oníresì tó bẹ̀ yín níṣẹ́, ó ní, "Ó rẹwà o. Ibo ni mo ti máa kọ orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó sí?"

"Mà, ó máa wà nínú sprint tó ń bọ̀."

"Kò burú. Ibẹ̀ náà ni owó yín wà."