Fóònù Ta Ni Kí N Bá Tẹ Bánà?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọ̀. Iṣẹ́ bánà àti sítíkà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn níbí. Ẹni tó bá ń kọjá lọ níwájú ṣọ́ọ̀bù á ní owó ló wà níbẹ̀. Ẹjọ́ ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ní mo fẹ́ ra ẹ̀rọ, gbogbo àwọn tó ń tà á di wòlíì. Ọ̀kan ní èyí tó fẹ̀ tó mítà 3.2 ni kí n rà, pé bánà flẹ́ẹ̀sì ńláńlá ló ń mówó wọlé. Èkejì ní ká má rí i, mítà 1.6 tó ń lo ìńkì eco-solvent ni, pé sítíkà rẹ̀ á jọjú, òórùn ìńkì rẹ̀ kò sì ní lé mi jáde nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀kẹta ní aláìní ló ń lo ìńkì mẹ́rin, kí n yáa ra oníńkì mẹ́fà. Kò sí ìkankan nínú wọn tó la ẹnu sọ pé hẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ, níbi tí ìńkì ti ń gba ihò tíntìntín jáde, kò fẹ́ràn ìsinmi. Tó bá ti jókòó pẹ́, ìńkì á gbẹ sínú rẹ̀, ihò á dí. Bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ìlú tí iná ń lọ nígbà tó bá wù ú ni mò ń gbé! Dọ́là ni wọ́n fi ń dá iye hẹ́ẹ̀dì tuntun, náírà ni àwọn oníbàárà ń san fún èmi, ẹ̀dínwó ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ tọrọ.

Ẹ̀rọ ṣì rọrùn o. Oníbàárà ló le. Mọ̀mí kan á na fóònù sí mi, àwọ̀ ewé kan á máa tàn yòò lójú rẹ̀. "Bọ̀dá, bó ṣe rí yìí gẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ ẹ." Màá ní, "Mà, iná lẹ̀ ń wò yẹn. Iná pupa, iná àwọ̀ ewé àti iná búlúù ni fóònù ń pò pọ̀. Ìńkì ni tèmi: cyan, magenta, yẹ́lò àti dúdú. Àwọ̀ wà tí iná lè gbé jáde tí ìńkì kò lè bá a débẹ̀." Wọ́n á wò mí tìka-tẹ̀gbin: "Ẹni tó wà ní títì kejì ní òun á ṣe é." Ẹ lọ bá a, mà. Bí bánà tiẹ̀ bá ń tàn lóru, ẹ pè mí kí n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ti ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí ló burú jù. Alága, akọ̀wé àti akápò á jọ dé, láílákì ni wọ́n fẹ́. Fọ́tò kan náà ló wà nínú fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ti alága ta sí búlúù, ti akọ̀wé ta sí píńkì. Ti akápò, ojú rẹ̀ ti là yánnayànna, ó sì ti din iná rẹ̀ kù kí bátìrì má baà tán. Àbí ẹ ò rí i, akápò ló máa sanwó!

Ẹni tó bá mú aṣọ fúnra rẹ̀ wá ti ṣe mí lóore, síbẹ̀ a ò tíì bọ́. Lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, bánà àti aṣọ á bára mu rẹ́gí. Ẹ gbé e síta, oòrùn á tú wa ká, nítorí ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń fi àwọ̀ hàn. Wọ́n á ní mo pààrọ̀ rẹ̀ láàrin tábìlì sí ẹnu ọ̀nà.

Flẹ́ẹ̀sì tí à ń tẹ bánà sí pàápàá ń dá kún un. Funfun ìdì kan á ta sí búlúù, ti òmíràn á ta sí yẹ́lò. Fáìlì kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ìńkì kan náà, àwọ̀ di méjì. Gbogbo ìgbà tí mo bá pààrọ̀ flẹ́ẹ̀sì tàbí ìńkì ni mo gbọ́dọ̀ tún profile ṣe, ìyẹn ohun tó ń sọ iye ìńkì tí ẹ̀rọ máa dà. Ta ló ń sanwó iyẹn? Èmi náà ni.

Tó bá tún wá ku díẹ̀ kó di 1 October, ọjọ́ òmìnira Nàìjíríà, ariwo àwọ̀ ewé àsíá á bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Táíwò Akínkúnmi fi àsíá tó yà ránṣẹ́ sí ìdíje àsíá Nàìjíríà ní 1959, oòrùn pupa wà láàrin rẹ̀. Àwọn adájọ́ yọ ọ́, ó ku àwọ̀ ewé àti funfun. Ọlọ́run ló bá àwa atẹ̀bánà yọ ọ́. Àwọ̀ ewé tó kù yẹn, wọn ò jẹ́ ká sùn lórí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníbàárà wa, mo bẹ̀ yín, ẹ fi fóònù sápò. Ẹ mú aṣọ wá, tàbí nọ́ńbà àwọ̀ Pantone tẹ́ ẹ bá ní in. Ẹ jẹ́ ká tẹ pélébé kan wò, ká jọ gbé e sóòrùn, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kó sanwó rẹ̀ pé kí ẹ̀rọ tó gbéra.