Ọ̀kadà Tí N Kò Rà Rí

Ìpè kan ṣoṣo ló yẹ kí n pè. Kí n sọ fún ìyàwó mi pé, "Mọ́mì Tóbi, mo ti sọ sàtífíkéètì ìgbéyàwó wa nù," kó bú mi díẹ̀, kọ́rọ̀ parí síbẹ̀. Houston ló wà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí kí wọ́n tó gbé e wálé wá tọ́, òun ló sì kọ fọ́ọ̀mù I-130 láti fi bẹ ìjọba Amẹ́ríkà pé kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ òun wá bá òun. Fọ́tókọ́pì sàtífíkéètì yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo ṣe é fún un.

Níbi tí mo ti ń ṣe é gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Alákìá, mo gba ẹ̀dà, mo sanwó, mo dúpẹ́, mo sì fi ojúlówó sílẹ̀ lábẹ́ ìdérí ẹ̀rọ. N kò fura. Ìgbà tí wọ́n wá ní ká mú ojúlówó tàbí ẹ̀dà tí ìjọba fọwọ́ sí wá, mo tú àpótí, mo gbé bẹ́ẹ̀dì, kí iyè mi tó sọ sí ẹ̀rọ yẹn. Mo sáré débẹ̀. Gáàsì ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí.

Àdúgbò wa ni pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn wà. Bí bàálù bá ti kọjá lórí òrùlé mi, ńṣe ló ń dà bíi pé ìyàwó mi ló rán an wá béèrè ìwé.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kò le: kí n gba ìwé ọlọ́pàá, kí n búra ní kóòtù, kí n lọ gba ẹ̀dà. Ọmọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ àfidéfìtì nítòsí kóòtù bi mí bí ìwé ṣe sọnù. Ojú tì mí láti dárúkọ ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì. Mo ní àwọn gbéwiri ló yọ ọ́ lápò mi ní Ìwó Road. Ó béèrè ọjọ́ ìgbéyàwó, mo dá a lóhùn wàrà. Oòrùn mú, èrò pọ̀ lẹ́yìn mi. Mo buwọ́ lùwé láìkà á, mo gbé Bíbélì sókè, mo búra.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá ni mo kọ́kọ́ lọ, torí abẹ́ rẹ̀ ni Alákìá wà. Wọ́n tú ìwé títí, wọn ò rí wa. Mo bá figbe ta: ṣé wọ́n ti tú ìgbéyàwó mi ká láìsọ fún mi ni? N kò tíì délé tí ìyá ìyàwó mi fi pè láti Lálúpọn. "Bàbá Tóbi, wọ́n ní ẹ̀ ń pariwo káàkiri pé ẹ ò fẹ́ ọmọ mi?"

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù. (Ilẹ̀ nìkan ló rí mi.)

Màmá ló rán mi létí pé Ìyànà Ọ̀fà, ní Làgèlú, la ti buwọ́ lùwé. Ibẹ̀ ni wọ́n lẹ orúkọ wa mọ́gi fún ọjọ́ 21 bí òfin ṣe wí, kí ẹni tó bá ní àtakò lè wá sọ ọ́. "Èmi gan-an," ni Màmá wí, "díẹ̀ ló kù kí n lọ."

Ní Ìyànà Ọ̀fà, bàbá àgbàlagbà kan gba ìwé ìbúra mi. Ó kà á, ó wojú mi, ó tún un kà, kò sọ nǹkan kan. Ó ṣí ìwé ńlá, kò rí wa. Mo ti fẹ́ pariwo nígbà tó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Ọ̀gá, ọjọ́ tí ẹ jó lẹ sọ yìí, àbí ọjọ́ tí ẹ buwọ́ lùwé?"

Ọjọ́ tí a jó ni. Sátidé, aṣọ ẹbí, àmàlà, àwọn onílù tí wọ́n gba gbogbo owó tó wà lápò mi. Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ yẹn ni òfin so wá pọ̀, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì tébi ń pa, kò sì sẹ́ni tó lùlù fún wa. Ká ní ọ́fíìsì físà ní Victoria Island ni mo ti sọ̀rọ̀ yìí, níwájú àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń bi tọkọtaya léèrè ọjọ́ ìgbéyàwó! Bàbá ṣí ojú ewé díẹ̀ padà sẹ́yìn, a sì wà níbẹ̀. Òfin ìgbéyàwó ọdún 1914 ló kó mi yọ: méjì ni wọ́n máa ń kọ ìwé yẹn, tọkọtaya á mú ọ̀kan, èkejì á wà lọ́dọ̀ akọ̀wé ìgbéyàwó. Àfi bíi pé ẹni tó kọ òfin náà ti rí irú mi rí.

Mo gba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ yà á sínú fóònù mi, mo sì fi ránṣẹ́ sí Houston pẹ̀lú ayọ̀, láìmọ̀ pé gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì mi ni wọ́n yà pọ̀, àti àfidéfìtì. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó pè.

"Dádì Tóbi, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀kadà wo lẹ sọ ìwé rẹ̀ nù?"

"Ọ̀kadà?"

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé wọ́n jí sàtífíkéètì yín àti ìwé ọ̀kadà yín tó pupa. Ẹ sì búra."

Ọmọkùnrin oníkọ̀ǹpútà yẹn kò pa ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣáájú mi rẹ́ tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ti sàtífíkéètì, ti ẹ̀rọ, ti gáàsì.

"Ìyẹn? Màmá ti sọ ọ́ fún mi tipẹ́," ni ìyàwó mi wí. "Ti ọ̀kadà ni n kò tíì gbọ́."