Abẹ́rẹ́ Tó Wà Lójú Géètì

Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Adìẹ gbọ́, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ni kò gbọ́. Láti Ọba Akran ní Ìkejà títí dé àwọn ilé búrẹ́dì Agége, ẹ máa ka ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì. Ibi tí ọ̀gá bá ti mí, ibẹ̀ ló ń fi kọ́mà sí.

Ẹ wo irú èyí: “Casual workers, who missed Friday’s night shift, will not be paid.” Àwọn tó pa iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì jẹ ni ọ̀gá ń bá wí. Ohun tí ìwé rẹ̀ wí ni pé gbogbo kásúà pátá ló pa iṣẹ́ jẹ, kò sì sẹ́ni tó máa gbowó. Ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ mọ́jú, òun náà ti di ìsáǹsá! Ẹ yọ kọ́mà méjèèjì kúrò, ìwé á ṣa àwọn ọ̀lẹ sọ́tọ̀, olóòótọ́ á gbowó rẹ̀.

Kò le. Ẹ fọwọ́ bo ohun tó wà láàárín kọ́mà méjèèjì, kí ẹ ka ìyókù. Bó bá ṣì jẹ́ ohun tó wà lọ́kàn yín, ẹ fi kọ́mà sílẹ̀. Bó bá ku “Casual workers will not be paid”, tí àyà yín já, ẹ tètè yọ ọ́.

Ọ̀gá tó ń wọn yíìsì dórí gíráàmù á ní, “Ṣé kọ́mà la fẹ́ jẹ ni?” Ní ìpínlẹ̀ Maine, l’Amẹ́ríkà, kọ́mà kan tí kò sí nínú òfin owó àṣekún iṣẹ́ ló gbé ilé iṣẹ́ wàrà Oakhurst dé kóòtù. Ní 2018, wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 5 dọ́là fún àwọn awakọ̀ wọn. Lọ́hùn-ún, abẹ́rẹ́ gún olówó. Níhìn-ín, ọ̀gá ló ń gbé e mì, ikùn kásúà ló ń gún.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ kí oṣù 3 tó pé. Ọ̀pọ̀ kásúà ti lo ọdún gbọọrọ láìrí ìwé kankan, àfi èyí tó wà lójú géètì, òun náà ló sì fẹ́ gbowó lọ́wọ́ wọn.

Bí kọ́mà bá ṣòro, kí ọ̀gá kọ orúkọ àwọn tó pa iṣẹ́ jẹ síta, ẹnì kan lórí ìlà kan. Ìyẹn ò gba kọ́mà rárá. Àmọ́ ó gba pé kó kọ́kọ́ mọ orúkọ wọn.