Bingo Jẹ Ohun Tí Onílé Kò Lè Gbé Mì

Bàbá Amọ̀ràn, àbúrò mi ti London dé, ó gbé ìgò kùkúḿbà kan wá tí wọ́n rẹ sínú fínígà, iyọ̀ àti áyù. Mo bù ú jẹ, ojú mi fún bí ẹni tí lánlọ́ọ̀dù ń bèèrè owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ mi tọ́ ọ wò, ó sáré lọ fọ ẹnu. Mo bá da díẹ̀ sínú àwo ajá. Bingo jẹ mẹ́rin, ó lá omi rẹ̀ tán. Láti àná ló ń mu omi bí ọkọ̀ tí rádíétọ̀ rẹ̀ ń jò. Ìyá ọkọ mi ní kí n fún un ní epo pupa. Ṣé kò ní kú báyìí?
Ìyá Bingo, Ìṣẹ̀rí-Olófin.

Ìyá Bingo, ohun tó lé ọkọ yín lọ síbi omi lẹ fi ṣe ajá lálejò! Ó dáa.

Kùkúḿbà fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀. Ẹ gé e ní tútù, ẹ fún un ní ègé méjì mẹ́ta, nǹkan kan ò ní ṣe é. Ohun tí wọ́n rẹ ẹ́ sí ni ọ̀daràn. Iyọ̀ ló fa òǹgbẹ yẹn, ẹ má ṣe jẹ́ kí omi wọ́n ọn. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù lè mú ajá máa bì, kí ara rẹ̀ máa gbọ̀n, kí gìrì gbé e. Fínígà, ìyẹn ọtí kíkan inú Bíbélì, á ta á nínú. Áyù àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àlùbọ́sà ni kò ṣeé bá ṣeré rárá: wọ́n máa ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa ajá jẹ́. Kì í sì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí ẹ tó rí i pé èrìgì rẹ̀ ti funfun, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi sóbò, kò sì lè dìde gbó oníbúrẹ́dì mọ́.

Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé kí wọ́n fi epo wọn se ọbẹ̀. Epo kì í ṣe ẹ̀rọ̀ májèlé. Bí ẹ bá rọ ọ́ sí ajá lọ́fun tipátipá, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má sì fi omi iyọ̀ mú un bì. Ṣé iyọ̀ lẹ fẹ́ fi wo iyọ̀ ni? Ẹ gbé ajá, ẹ gbé ìgò, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko lónìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kù. Ìtàn Àwórì ní àwo tó ń léfòó lórí omi ni Olófin Ògúnfúnminíre tẹ̀ lé láti Ifẹ̀ títí dé Ìṣẹ̀rí. Bingo náà, àwo ló ń tẹ̀ lé. Kí ló ń bẹ nínú àwo tirẹ̀ lójoojúmọ́? Ìrẹsì àná, ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ata, Maggi, àlùbọ́sà tó ti yọ́ tí ẹ ò rí i mọ́. Sísè kì í mú oró àlùbọ́sà kúrò. Gíráàmù 15 sí 30 fún kílò kan lára ajá ti tó dá wàhálà sílẹ̀; bí Bingo bá wọn kílò 10, àlùbọ́sà ńlá kan ti lè tó o. Èyí tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ náà ń kó jọ sí i lára. Ẹ ṣáà máa bu ìrẹsì funfun àti ẹran bíbọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ọwọ́ yín tó kan àlùbọ́sà. Èyí tó kù nínú ìgò, ẹ dá a padà fún àbúrò yín, kí ó jẹ ẹ́ lójú yín.

Bàbá Amọ̀ràn, ajá aládùúgbò mi ń wá lá omidùn orí ògì mi lóru. Ṣé kò ní kú sí mi lọ́rùn?
Alógì, Ìdímù.

Omidùn lásán, tí kò ní iyọ̀, kò ní pa á. Bó bá lá a jù, ó lè ṣu gbuuru, ẹnu ọ̀nà olówó rẹ̀ ni yóò sì ṣu ú sí, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Àwọn oníbàárà yín ni mo ń ṣàánú. Ẹ dé ike yín, ẹ gbé òkúta lé e, ẹ da èyí tó ti fẹnu kàn nù. Ìdímù lèmi náà ti ń ra ògì.