Bí Òpònú Ṣe Ń Wo Ẹyẹ Àlejò Létí Òkun

Kí ènìyàn lọ sétí òkun kó má sì rí ẹyẹ kankan, kò le rárá. Ìwọ ṣáà máa ṣe bí mo bá ṣe wí.

Ọ̀sán gangan ni kí o jáde, lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí gbogbo Èkó bá ti dà sétí omi. Àwọn tó mọ ẹyẹ í wò máa ń jí lọ ní ìdájí, wọ́n á sì kọ́kọ́ wádìí ìgbà tí òkun máa fà, torí inú ẹrẹ̀ tí omi bá fi sílẹ̀ ni ekòló àti akàn wẹ́wẹ́ tí àwọn àlejò yìí ń jẹ wà. Láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, tí òtútù bá ti ń súnmọ́ Yúróòpù, ni wọ́n ti ń ya wọ etí òkun àti ọ̀sà wa. Èwo ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ìgbà tí omi bá kún ni kí o lọ. Wọ aṣọ pupa yòò, kí o sì gbé spíkà dání. Ẹyẹ fẹ́ràn fújì.

Bí o bá débẹ̀, ọ̀kín ni kí o máa wá. Bí o bá rí ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó ń sá kiri létí omi, tó ń ju ìdí bí ẹni tí ìlù ń gùn, gbójú kúrò. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń fò ṣíọ̀ṣíọ̀ lókè orí rẹ náà ńkọ́? Kò wúwo ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ, ó sì la aṣálẹ̀ Sàhárà já kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìwọ tí o ń kérora láti Ajah dé Ọbáléńdé, kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Láyé àtijọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Yúróòpù gbà pé inú ẹrẹ̀ lábẹ́ adágún ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń sùn sí nígbà òtútù. Ìwé ni wọ́n kà o.

Orúkọ kò ṣòro. Ohunkóhun tó bá ti funfun, lékeléke ni. Bó já ṣòòrò láti òkè, tó forí sọ òkun, tó gbé ẹja jáde, lékeléke náà ni. (Ẹ̀yìn màlúù ni mo ti mọ lékeléke, tata ló ń jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló bi mí?)

Nígbà mìíràn, wàá rí ẹyẹ tó ní òrùka irin lẹ́sẹ̀. Àwọn onímọ̀ ló fi sí i níbi tó ti wá. Nọ́ńbà wà lára òrùka náà, kí ẹni tó bá rí i lè fi tó wọn létí ibi tó dé. Ìwọ má ka nọ́ńbà kankan. Figbe ta pé àjẹ́ ti dé, kí o ní kí àwọn ọmọ adúgbò kó òkò wá. Ní 2013, wọ́n mú ẹyẹ àkọ̀ kan ní Íjíbítì, wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní amí ni, torí ẹ̀rọ kékeré tí àwọn onímọ̀ fi ń tọpasẹ̀ ìrìnàjò rẹ̀. Wọ́n tú u sílẹ̀ nígbà tó yá. Ìròyìn tó tẹ̀lé e ni pé wọ́n ti pa á jẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá jókòó tì ọ́ nídìí ẹja yíyan, tó sọ pé ní 2022 ẹyẹ godwit kan, tí kò tíì pé ọmọ oṣù mẹ́fà, gbéra ní Alaska, ó fò fún ọjọ́ 11 láìbalẹ̀, láìjẹ, láìmu, ó já sí Tasmania ní Australia, ìrìn tó lé ní 13,000 kìlómítà, já a nírọ́ lójú ẹsẹ̀. Bi í pé ta ló fún un ní físà.