Adáhunṣe Ìdí Ọkọ̀

Kò sí àdúgbò kan ní Ìbàdàn, láti Òkè-Àdó títí dé Mọ́kọ́lá, tí a ti fẹ́ ọkùnrin yìí kù. Bí wọ́n bá ní kí a kì í, a ó ní: Afetí-wo-ọkọ̀, ọmọ Afẹnu-tú-ẹ́ńjìnnì, Akáwọ́-sẹ́yìn-ṣe-mẹkáníìkì, ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan gírísì rí, tí gírísì kò sì tán lórí ahọ́n rẹ̀. Kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan, kò ṣe fírídọ́ọ̀mù, kò sì ní ọkọ̀ tirẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ọkọ̀ tí yóò wúkọ́ ládùúgbò tí kì í mọ àìsàn rẹ̀ kí ẹni tí ó ni ín tó mọ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni ọjà rẹ̀ máa ń yá jù. Nígbà tí ọyẹ́ bá mú dé gongo, tí ètè ń là, tí ẹsẹ̀ ń funfun, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé kò fẹ́ fojú kan omi ìwẹ̀, ọkọ̀ ògbólógbòó, pàápàá Volkswagen tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó lọ́dún 1975, a máa ṣe bí arúgbó tí wọ́n jí kí oorun tó dá lójú rẹ̀: a wúkọ́, a gbọ̀n, a jẹ́ ìpè díẹ̀, a sì tún dákẹ́. Ẹni tí ó ni ín, tí kò fẹ́ kí aago mẹ́jọ ká òun mọ́lé, yóò tún yí kọ́kọ́rọ́, yóò tún tẹ iná. Kí ó tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ọkùnrin wa ti yọ, aṣọ ìbora ní èjìká, orín ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

“Bàbá Fọlákẹ́, ẹ kú ìdààmú o. Ẹ má tún un yí mọ́. Mo ti gbọ́ ohun tí ó ń ṣe é láti orí ibùsùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.”

Kò béèrè bóyá òwúrọ̀ nìkan ni ọkọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ tàbí ó ń ṣe é nígbà tí ó bá gbóná tán; kò béèrè ibi tí wọ́n ti ra epo, kò béèrè bóyá ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ni ó ń kú tàbí ìgbà tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ní sílò. Àwọn baba wa ní abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí a ń wí yìí gbà pé òun gan-an ni wọ́n ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. “Òtútù ti mú omi rédíétọ̀,” ni ó wí, ó sì lọ síwájú ọkọ̀, ó ní kí wọ́n ṣí i. Wọ́n ṣí i. Táyà àfipamọ́ ni wọ́n bá níbẹ̀, pẹ̀lú táǹkì epo, nítorí ẹ̀yìn ni Ìjàpá ń gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí, atẹ́gùn ni ó sì ń tù ú lára, kò lo omi láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sáyé. Ojú ìbá ti ẹlòmíràn. Òun yí orín sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí ó ni ọkọ̀ mọ ọkọ̀ rẹ̀ ni.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Lọ́jọ́ Ajé, púlọ́ọ̀gì ni ó bàjẹ́. Bàbá Fọlákẹ́ lọ sí Gáàtì, ó ra mẹ́rin. Lọ́jọ́rú, ó di kọ́ìlì. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó di kabúrétọ̀ odidi. Ohun tí ó sì ń bu iyì kún iyì adáhunṣe wa ni pé bí oòrùn bá ti gòkè, ara Ìjàpá a yá gágá, ohunkóhun tí wọ́n bá sì pààrọ̀ kí oòrùn tó gòkè ni ó ń gba ògo ìwòsàn náà. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá wá mọ́ tí ìwúkọ́ bẹ̀rẹ̀ padà, a ní àìsàn mìíràn ni, ti àná ti lọ.

Ní ìkẹyìn, wọ́n pe ọmọkùnrin mẹkáníìkì kan, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án títí n ó fi dé láàárọ̀ ọ̀la,” nítorí ọkọ̀ tí ó ti gbóná kì í jẹ́wọ́. Nígbà tí ó dé, ó tú púlọ́ọ̀gì, ó wo ẹnu wọn, ó rí i pé ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ó ti yẹ, kò dúdú, kò funfun, ó sì dá wọn padà. Ó sítáàtì ọkọ̀, ó ní sùúrù, lẹ́yìn náà ni ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé páìpù tín-ín-rín kan lábẹ́ kabúrétọ̀. Ó tutù. Bẹ́ẹ̀ páìpù náà kò gbọdọ̀ tutù: èéfín gbígbóná tí ó ń lọ sí sàlẹ́ńsà ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá láti fi ooru fún ọ̀nà epo, nítorí pẹtiróòlù kì í jó dáadáa bí kò bá tíì di afẹ́fẹ́, òtútù ni kì í sì í jẹ́ kí ó di afẹ́fẹ́, ńṣe ni yóò máa kán sára ògiri páìpù, ebi yóò sì máa pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí epo wà nílé. Èédú ọ̀pọ̀ ọdún ti dí ọ̀nà èéfín yẹn pa. Ó tú u, ó fi iná sun ún, ó fi wáyà ha á, ó dá a padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìjàpá jẹ́ ìpè àkọ́kọ́.

Adáhunṣe wa kò jìnnà. “Kí ni mo ti ń wí bọ̀? Ṣé kì í ṣe òtútù ni mo ní ó mú un?” Àwọn tí ó dúró níbẹ̀ mi orí, wọ́n ní lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó wí. Mẹkáníìkì dárúkọ owó iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ná an títí ó fi dín sí ìdajì, wọ́n ní kí ni ó rà, ṣebí páìpù lásán ni ó ha. Àkàrà gbígbóná àti ẹ̀kọ ni wọ́n gbé fún adáhunṣe, pẹ̀lú ọpẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí ọkọ̀ ilé kejì kọ̀ tí kò jí, òun náà ni wọ́n rán ọmọ lọ pè.