Ẹja Tí A Kì í Sè

Tọkọtaya kan ń bẹ ní Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé tí ìjà wọn kì í tán, tí kì í sì í dé ibi tí aládùúgbò yóò ti wá là wọ́n: Bàbá Ìyábọ̀, Àlàó akọ̀wé, ẹni tí ó fi gègé jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì, tí ó sì gbà tọkàntọkàn pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé kò sí láyé, àti Ìyá Ìyábọ̀, Àbẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ja ọjà Bódìjà, a-fojú-wọn-àrọ̀-má-lo-òṣùwọ̀n, ẹni tí kò ka ìwé kan rí, ṣùgbọ́n tí kò sí ẹja tí ó lè parọ́ fún un. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí à ń wí yìí, obìnrin náà ti ọjà dé, ó sọ igbá kalẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì rí àpótí gíláàsì gbàǹgbà kan lórí tábìlì rédíò, tí ọkọ rẹ̀ dúró tì í pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

ÌYÁ ÌYÁBỌ̀: Bàbá Ìyábọ̀, ẹ kú ilé o. Ṣé búrẹ́dì ni ẹ fẹ́ máa tà ní pálọ̀ ni, àbí àkàrà òyìnbó?

BÀBÁ ÌYÁBỌ̀: Kò lè yé ọ, Àbẹ̀kẹ́. Ilé ẹja ọ̀ṣọ́ nìyí. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti kọ́ irú rẹ̀ fún èrò ìwòran nínú ọgbà ẹranko wọn láti ọdún 1853, nígbà tí ó sì di 1854, ọ̀gbẹ́ni Philip Henry Gosse kọ odidi ìwé lé e lórí. Ṣé ẹni bí èmi ni kò wá yẹ kí ó ní?

ÌYÁ ÌYÁBỌ̀: Ó yẹ yín. Bí ẹja náà bá sanra tán, ọbẹ̀ ata ni kí n fi sè é, àbí kí n dín in?

BÀBÁ ÌYÁBỌ̀: A kì í sè é! Wíwò ni à ń wò ó.

ÌYÁ ÌYÁBỌ̀: Ẹ wá gbọ́ o! Ẹja tí a kọ́lé fún, tí a ń bọ́, tí a ń tanná fún, tí kò sì ní wọ ìkòkò. Èmi tí ẹ fi owó orí fẹ́ sílé ṣì ń ta ẹja kí n tó jẹun.

BÀBÁ ÌYÁBỌ̀: Gbọ́ tèmi ná. Àpótí yìí gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ ní 30, ó sì ga ní 30. Bí ìwọ bá mọ ìṣirò, ìwọ ìbá mọ̀ pé omi lítà 54 ni yóò gbà.

ÌYÁ ÌYÁBỌ̀: Èmi kò mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n mo mọ omi, nítorí pé orí mi ni mo fi ń rù ú. Lítà kan, kílò kan. Àpò sìmẹ́ǹtì jẹ́ kílò 50. Omi yín ju àpò sìmẹ́ǹtì lọ kí a tó ka òkúta àti gíláàsì mọ́ ọn, ẹ sì fẹ́ gbé e lé tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ń gbọ̀n láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Ìyábọ̀!

BÀBÁ ÌYÁBỌ̀: (Ó wúkọ́.) Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé pèpéle tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ lẹ́bàá fèrèsé ni n ó gbé e sí, kí oòrùn lè máa tàn sí i.

ÌYÁ ÌYÁBỌ̀: Kí oòrùn tàn sí i kí ó di kí ni? Ọpọ́n mi tí oòrùn ń pa lọ́jà, kò pẹ́ tí ohun aláwọ̀ ewé kan tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ fi ń bò ó nínú, tí n ó máa fi kànìnkànìn ha á. Ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ tí oòrùn kò dé.

BÀBÁ ÌYÁBỌ̀: Ó dáa, mo gbà, kì í ṣe pé o borí mi. Lálẹ́ yìí ni n ó rọ omi ẹ̀rọ sí i, n ó sì da ẹja sí i, kí àwọn tí ń bọ̀ fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Ìyábọ̀ lọ́jọ́ Sátidé lè mọ̀ pé ilé ọ̀làjú ni àwọn ti fẹ́ mú ìyàwó.

ÌYÁ ÌYÁBỌ̀: Omi ẹ̀rọ tí òórùn oògùn rẹ̀ ń ta síni nímú? Àrọ̀ gan-an, tí ó lè yọ ẹnu sókè mí afẹ́fẹ́ bí omi bá bàjẹ́, tí ó sì lè wọ́ lórí ilẹ̀ kọjá láti odò kan sí èkejì, èmi kì í jẹ́ kí irú omi bẹ́ẹ̀ kàn án títí yóò fi sùn nínú àgbá tí a ṣí sílẹ̀.

BÀBÁ ÌYÁBỌ̀: Ìwé náà wí bẹ́ẹ̀: wákàtí 24 ó kéré tán, kí klorínì lè fò lọ, tàbí kí a ra oògùn kan tí a ń kán sí i.

ÌYÁ ÌYÁBỌ̀: Kí ni ó wà nínú ojú ìwé tí ẹ ká létí yẹn?

BÀBÁ ÌYÁBỌ̀: Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

ÌYÁ ÌYÁBỌ̀: Bàbá Ìyábọ̀, ẹ kà á.

BÀBÁ ÌYÁBỌ̀: (Ó tún wúkọ́, ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀.) Ó ní ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó bá jẹrà nínú omi a máa di amóníà, májèlé tí í pa ẹja, ó ní kòkòrò tíntìntín kan tí ojú kò rí ní ń sọ amóníà náà di náítráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé, kí kòkòrò mìíràn tó wá sọ ìyẹn di náítréètì, tí kì í tètè ṣe ẹja ní ibi, ó ní àwọn kòkòrò náà kì í pọ̀ tó nínú kànìnkànìn ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi títí di bí i ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, nítorí náà kí a rọ omi sínú àpótí, kí a tan ẹ̀rọ náà, kí a máa fi oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ sí i láìsí ẹja níbẹ̀, kí a máa fi oògùn àyẹ̀wò wo omi náà, títí a kò fi ní rí amóníà àti náítráìtì níbẹ̀ mọ́.

ÌYÁ ÌYÁBỌ̀: Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà! Abájọ tí ẹ fi ká a létí.

BÀBÁ ÌYÁBỌ̀: Ṣé omi lásán ni kí àwọn àna wá bá?

ÌYÁ ÌYÁBỌ̀: Omi lásán kò dójú ti ẹnikẹ́ni rí. Ẹja tó léfòó, tó yí ikùn sókè nígbà tí bàbá ọkọ ń gbàdúrà lọ́wọ́, ìyẹn ni ìtìjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Àlàó. Ṣùgbọ́n n kò tíì gba ti kòkòrò o. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni n ó máa da gbogbo omi náà nù, tí n ó fi ọṣẹ fọ àpótí àti kànìnkànìn kí ó mọ́ féfé.

BÀBÁ ÌYÁBỌ̀: Ó tán! Níbí ni ìwé ti borí ọjà! Ọṣẹ kò gbọdọ̀ kan ohunkóhun tí yóò wọ inú omi náà, nítorí pé ohun tó bá ṣẹ́ kù lára rẹ̀ lè pa ẹja. Bí ìwọ bá sì fi omi ẹ̀rọ fọ kànìnkànìn yẹn, o ti pa àwọn kòkòrò tí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dúró dè. Ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà ni à ń bù dànù lọ́sẹ̀, a ó sì bu omi tó ti sùn dípò rẹ̀. Inú omi tí a bá bù dànù yẹn ni à ń fún kànìnkànìn sí.

ÌYÁ ÌYÁBỌ̀: (Ó dákẹ́ díẹ̀.) Ìyẹn mọ́gbọ́n wá. Irú ẹja wo ni ẹ wá fẹ́ rà?

BÀBÁ ÌYÁBỌ̀: Mo ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Epìyà méjì láti odò, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, goldfish mẹ́ta, betta akọ méjì tí ìrù wọn gbọ̀ọ̀rọ̀ bí agbádá, neon tetra...

ÌYÁ ÌYÁBỌ̀: Ẹ fi epìyà sílẹ̀! Akọ epìyà tó bá ti gbẹ́ ihò ìtẹ́ rẹ̀ sínú iyanrìn, kì í jẹ́ kí ẹja mìíràn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ó bá sì dàgbà, ó ju àwo oúnjẹ yín lọ. Ohun tí ẹnu ẹja bá gbà ni ẹja ń gbé mì. Èmi tí mo ń la ikùn wọn ni mo mọ ohun tí mo ń bá níbẹ̀.

BÀBÁ ÌYÁBỌ̀: Ìwé sì wí pé goldfish fẹ́ omi tó tutù ju tiwa lọ, pé ìgbẹ́ rẹ̀ pọ̀, pé àpótí lítà 54 kò lè gbà á bí ó bá dàgbà. Akọ betta méjì kò sì gbọdọ̀ pàdé, wọn yóò ya ara wọn pẹ́rẹpẹ̀rẹ.

ÌYÁ ÌYÁBỌ̀: Ẹ ti kà á, ẹ sì tún kọ wọ́n sílẹ̀? Ẹja gbígbẹ kò ṣéé ká lóòótọ́.

BÀBÁ ÌYÁBỌ̀: Má bú mi. Kribensis ń kọ́? Ẹja ilẹ̀ wa ni, inú àwọn odò gúúsù Nàìjíríà ni ó ti wá, tí ikùn abo rẹ̀ pọ́n bí òdòdó. Àwọn òyìnbó ń sin ín nílé wọn.

ÌYÁ ÌYÁBỌ̀: Wọ́n kó o lọ láti ọ̀dọ̀ wa, ẹ wá fẹ́ máa fi owó rà á?

BÀBÁ ÌYÁBỌ̀: Akọ àti abo a máa ṣọ́ ẹyin wọn nínú ihò òkúta, wọn a sì máa lé gbogbo ẹni tó bá súnmọ́ wọn.

ÌYÁ ÌYÁBỌ̀: Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé lódò tiwọn. Ẹ wá èyí tí kò ní jà.

BÀBÁ ÌYÁBỌ̀: Guppy nìyẹn! Kékeré ni, aláwọ̀ mèremère, kò kọ ooru wa, kò nílò ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná. Ṣùgbọ́n ìwé wí pé akọ a máa yọ abo lẹ́nu púpọ̀, nítorí náà, fún akọ kan, kí a ra abo méjì tàbí mẹ́ta.

ÌYÁ ÌYÁBỌ̀: Ehn-ehn! Ibi tí ẹ ń lọ láti àárọ̀ nìyí! Ìwé yẹn ló ń kọ́ yín láti kó orogún bá mi?

BÀBÁ ÌYÁBỌ̀: Ẹja ni mo ń sọ, Àbẹ̀kẹ́! Abo rẹ̀ a máa bímọ ní bí oṣù kan síra, ó sì lè fi àtọ̀ akọ pamọ́ sínú, kí ó máa bí fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn tí akọ náà ti kú.

ÌYÁ ÌYÁBỌ̀: Òkú ń bímọ! Ọmọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú lítà 54? Akọ nìkan ni a ó rà. Kò sí abo kankan tí yóò bá mi gbé pálọ̀ yìí.

BÀBÁ ÌYÁBỌ̀: (Ó tún ìwé wò.) Ó... ó ní àwọn mìíràn a máa sin akọ nìkan, tí wọ́n sì ń gbé pọ̀ ní ìrọ̀rùn.

ÌYÁ ÌYÁBỌ̀: Ẹ ò rí i?

BÀBÁ ÌYÁBỌ̀: Akọ mẹ́fà, nígbà náà. Bó bá pẹ́, a ó fi corydoras mẹ́fà kún un, ẹja kékeré oníirùngbọ̀n tí ń rìn nísàlẹ̀, tí kò fẹ́ràn àdágbé, tí kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà. Iyanrìn kíkúnná ni yóò fẹ́ nísàlẹ̀, kí irùngbọ̀n rẹ̀ má ba à bó.

ÌYÁ ÌYÁBỌ̀: Bí NEPA bá mú iná lọ ń kọ́?

BÀBÁ ÌYÁBỌ̀: Ìwé tí mo rà kò mọ NEPA.

ÌYÁ ÌYÁBỌ̀: Èmi mọ̀ ọ́n. Bí ẹja bá ń gbẹnu sókè lójú omi, n ó fi igbá bu omi náà, n ó máa dà á padà láti òkè wọ̀ọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ẹja díẹ̀ nínú omi púpọ̀ sì ni, wọn kò ní tètè kú. Oúnjẹ wọn ń kọ́? Ẹ má da ẹ̀bà sí i o.

BÀBÁ ÌYÁBỌ̀: Èyí tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́.

ÌYÁ ÌYÁBỌ̀: Ó dáa. Ẹ bọ́ agbádá, ẹ lọ fọ iyanrìn. Láìfi ọṣẹ.

Bàbá Ìyábọ̀ lọ. Nígbà tí àwọn àna dé lọ́jọ́ Sátidé, omi tó mọ́ gaara ni wọ́n bá nínú àpótí lórí pèpéle tí wọ́n tún mọ sí kọ̀rọ̀, bàbá náà sì fi odidi wákàtí kan sọ fún wọn nípa kòkòrò tí ojú kò rí, tí gbogbo wọ́n ń mi orí. Ẹ̀yin tí ọkàn yín bá fà sí ẹja ọ̀ṣọ́, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tí ń tà á bí ẹja náà yóò ti tóbi tó bí ó bá dàgbà, àti ohun tí ẹnu rẹ̀ lè gbà.